Ilà Èédú

Ìyá àgbà kì í kọ ọdún sínú ìwé.
Èédú ló fi ń kọ ọ́ sára ògiri yàrá ẹ̀yìn,
ilà kan fún ìgbàkúùgbà tí odò Òyì bá wọlé wá kí wa.
Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí kò ju kókósẹ̀ lọ,
ọdún tí wọ́n bí Dọ́káàsì nìyẹn.
Èyí tó bá ìjókòó àpótí dọ́gba,
ọdún tí afárá onígi kọ́kọ́ wó.
Èyí tó kan orúnkún, kì í dárúkọ rẹ̀.
Á kàn fi ọwọ́ pa á,
á ní, "Jẹ́ n sinmi."

Ọjọ́ Ẹtì ni ojú ọ̀run ṣú láti ìhà Kàbà,
ó dúdú bí ìdí ìkòkò.
Àwọn adìyẹ wọlé láìjẹ́ pé a lé wọn.
Ààrá sán, ó la igi kajú Bàbá Métìbọba sí méjì;
ó tún sán, àwọn ọmọ kíláàsì mi bọ́ sábẹ́ bẹ́ǹṣì.
Èmi olùkọ́ wọn dúró gbagidi,
ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi nìkan ló mọ ohun tó ń bá mi sọ.

Òjò yìí kò rọ̀ bí òjò.
Ńṣe ló dà bí ẹni tó ní ẹjọ́ láti rò
tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá òun lẹ́nu.
Ó rò ó di Sátidé.
Ó rò ó di àárọ̀ Sọ́ńdè, aago ṣọ́ọ̀ṣì kò dún,
nítorí ẹni tó ń lù ú wà lórí páànù,
òun àti ewúrẹ́ rẹ̀ méjì.

Wọ́n pè láti Èjùkù: omi ti gba ọ̀nà.
Wọ́n pè láti Ìyàrá: bákan náà.
Mọ̀pà kò gbé fóònù.
Nígbà tó yá, nẹ́tíwọ̀kì kú, àwa náà dákẹ́.

Òru Sọ́ńdè ni Òyì dé.
Kò pariwo o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín.
Ó rìn bí àlejò tó mọ ilé,
ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn,
ó wọ sálúbàtà Bàbá, ó gbé e lọ.
Iṣu tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wà,
ó ń kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó.
Orí àpáta ló gbà wá.

Medùbí nìkan ló padà.
Ó so okùn mọ́ ìdí, ó bẹ́ sómi nítorí àpótí ìyá rẹ̀,
ọmọ Búnú, tó hun aṣọ pupa sílẹ̀ de ìsìnkú ara rẹ̀.
Ó gbé e dé. A ṣí i.
Aṣọ ti ṣì, omi inú àpótí pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.
Ìyá náà fún un, ó sá a sórí òkúta,
ó ní òun á hun òmíràn, kí ikú ṣe sùúrù.

Àárọ̀ Mọ́ńdè, a pàdé ara wa nínú ẹrẹ̀.
"Okun o." "Okun."
Bí a ṣe ń kíra wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn;
a ò mọ̀ pé bí ahọ́n bá gbọ̀n díẹ̀,
okun á di òkun.

Ọmọ mẹ́rìndínlógójì ni mo kà lọ́jọ́ Ẹtì.
Mo tún wọn kà lórí àpáta:
márùndínlógójì.
Mo tún un kà.

Ìyá àgbà wọ yàrá ẹ̀yìn, mo tan tọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé e.
Ògiri ti họ.
Kò sí ilà Dọ́káàsì, kò sí ti afárá,
kò sí èyí tí kì í dárúkọ.
Odò ti jẹ gbogbo ẹ̀rí tí a ní sí i.
Ẹrẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ilà kan ṣoṣo,
ó kan mi léjìká.

"Èyí ńkọ́?" ni màmá wí. "Ìwọ lo mọ̀wé.
Kí la ó máa pè é?"

Mo fi ọwọ́ pa á.
Ó ṣì tutù.
Mo ní, "Ẹ jẹ́ n sinmi."