Fún Dúrójayé, Ọlọ́jà Géèmù ní Ìsọ̀kún

Dúrójayé, ta ló ní kí o kó o kúrò lórí àtẹ?
Àwo géèmù tí ara rẹ̀ kún fún àpá,
tí a ń fi etí ẹ̀wù nù kó tó jí.
O ní tuntun ti dé,
wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe, ó ń dán gbinrin.
Mo ti rí i. Ó dára. N kò bá a jà.

Ṣùgbọ́n kùrukùru dà?
Nínú ti àtijọ́, ìlú yẹn kì í tán;
kùrukùru bò ó bí ọyẹ́ ṣe ń bo Òkè Ìmọ̀ láàárọ̀,
àwa márùn-ún lórí bẹ́ǹṣì kan
ń jiyàn ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.
Adéwùsì ní òkun ni.
Mo ní ilé ìyá ẹnìkan ni.
Wọ́n ti nù ún kúrò báyìí:
ògiri ni.

Ta tuntun. Kí o sì máa ta àtijọ́.
Ọmọ tuntun kì í lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde nílé,
ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi kò sì lè gbé àbúrò.

Ọmọ Òṣómàáló ni mí, o mọ̀.
Bàbá bàbá mi lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
títí owó aṣọ fi pé.
Èmi náà ti lóṣòó báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ rẹ,
àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo mú owó dání.
Gbà á.
Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́,
sọ àwo yẹn náà.