Èkùrọ́

Aago mẹ́ta òru ní Swansea, òjò ń lu fèrèsé
yàrá tí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ti ń mí hẹlẹ.
Gethin ní kí olúkúlùkù ètò ti ilẹ̀kùn tirẹ̀:
"Ẹni tó kọ lẹ́tà ló mọ ẹni tó yẹ kó kà á."
Mo rẹ́rìn-ín. Fáìlì àwọn aboyún ńkọ́?
Ètò tó ni ín tì í pinpin,
ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan gba ẹ̀yìn wọlé,
ó ń kà á, ó ń mu tíì.

Mo ní, gbé e fún èkùrọ́.
Bẹ́ẹ̀ ni mo ń pe ọkàn ẹ̀rọ,
ohun tó wà nínú eésan, tí eyín ò ká.
Fáìlì kan ò lè ṣí láìgba ọwọ́ rẹ̀.

Gethin ò jiyàn. Ó fi àkọsílẹ̀ àná hàn mí:
olè gbé ẹ̀wù mi wọ̀, orúkọ mi ló fi wọlé.
Èkùrọ́ wo nọ́ńbà,
ó ní, "Mọrẹ́nikẹ́, ẹ káàbọ̀."

Ó mọ ẹni, kò mọ inú ẹni.
Kò mọ̀ pé ọmọbìnrin kan ní Port Talbot
kò tíì sọ fún ìyá rẹ̀.

Èkùrọ́ náà ni mo ṣì dìbò fún.
Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́
mo ti yí ọ̀rọ̀ ìwọlé mi padà lẹ́ẹ̀mejì.