Òkúta Tó Mu Aró

Ní Òkè-Baálẹ̀, nínú yàrá tí wọ́n fi aṣọ dúdú dí fèrèsé,
Morádéyọ̀ fi òkúta kan hàn mí,
kò gùn ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ.
Ó ní kírómíọ̀mù wà nínú rẹ̀,
ìwọ̀nba, bí iyọ̀ ọbẹ̀ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.
Bó bá pọ̀ jù, òkúta á yadi.
Bó bá kéré jù, kò ní fọhùn.

Ìyá mi àgbà ìbá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.
Ahọ́n ló fi ń tọ́ omi aró wò,
kò ní òṣùwọ̀n kankan.

Ìmọ́lẹ̀ bù yẹ̀rì lu òkúta.
Ó gbé e mì,
ó sì pọ̀ ọ́ jáde ní okùn pupa kan ṣoṣo,
tín-ín-rín, tí kò yà sọ́tùn-ún, tí kò yà sósì.
Léṣà.
Morádéyọ̀ yí dígí kékeré kan díẹ̀:
pupa ń dọ́gbọ́n ṣú,
ó ń rìn lọ síbi tí ojú wa ò lè bá a dé.
“Ó ṣì wà níbẹ̀,” ó ní, “wo abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ.”
Abẹ́rẹ́ ń gbọ̀n.

Ni iná bá lọ.
Nínú òkùnkùn, mo ń gbóòórùn ẹ̀lú níbi tí ẹ̀lú ò sí.
Morádéyọ̀ ń bèèrè ẹni tó ń ta epo jẹnẹrétọ̀ l'Ókè-Fíà.