Etí Òdìkejì

Èmi ni mo ń so okùn bàtà ní kíláàsì àwọn kékeré
ní Kódíàkì, erékùṣù òjò, lápá Àláskà,
níbi tí ìkùukùu ti ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn.
Bàtà méjìdínlógójì láràárọ̀.
Ẹ má bi mí léèrè ọgbọ́n ìwé.
Ẹsẹ̀ ni mo mọ̀.

Ẹsẹ̀ Leif, ọmọ Halvorsen ọlọ́kọ̀ apẹja,
ti ń wọ bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀.
Oṣù kẹfà ni wọ́n bí i. Ó yẹ kó ti wọlé lọ́dún tó kọjá,
bàbá rẹ̀ ní rárá, ẹ jẹ́ kó gbó sí i,
ẹ jẹ́ kó jẹ́ òun ni yóò máa ṣíwájú.
Wọ́n san owó olùtọ́jú fún oṣù méjìlá,
wọ́n ra ọdún kan fún un bí ẹni ra ẹ̀wù tó tóbi
kí ọmọ lè dàgbà sínú rẹ̀.

Ẹsẹ̀ Ligaya kò kún àtẹ́lẹwọ́ mi.
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ni tirẹ̀,
ìlẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀ sì ń tì lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án.
Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi yọ́ wọlé.
Erlinda ìyá rẹ̀ ń gé orí ẹja sámọ́ńì nílé-iṣẹ́ alágolo
láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí ọwọ́ yóò fi kú.
Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé ẹ ò lè fi í sílẹ̀ di àmọ́dún?"
Ìbọ̀wọ́ rọ́bà rẹ̀ ló wò, kò wò mí:
"Ta ni yóò bá mi mú un? Ìwọ?"

N ò lóhùn.

Oṣù mẹ́rìnlá ló wà láàárín àwọn méjèèjì.
Fún èmi tí mo ti lé lógójì ọdún,
ìyẹn dà bí ìgbà tí mo lọ ra búrẹ́dì tí mo sì padà.
Fún Ligaya, ó sún mọ́ ìdámẹ́rin ayé rẹ̀.

Bó bá di aago kan ọ̀sán, orí Ligaya á ti sọ̀kalẹ̀ sórí ìwé.
Leif á ti kọ orúkọ rẹ̀ tán,
á tún kọ orúkọ ọkọ̀ bàbá rẹ̀ kún un,
olùkọ́ á ní, "Ẹ wo ọlọ́gbọ́n ọmọ!"
Ọgbọ́n ni, àbí ọjọ́ orí?
Ẹja tó lo ọdún kan sí i nínú òkun,
òṣùwọ̀n là ń gbé e lé, a kì í kí i kú ọgbọ́n.
Ìka ò dọ́gba, mo gbà,
ṣùgbọ́n n ò tíì gbọ́ rí pé a ń fowó fa ìka kan gùn.

Síbẹ̀, ẹ má tètè dá ọmọ lẹ́bi.
Mo bá a lẹ́yìn ibi tí a ń fi ẹ̀wù òjò kọ́, ó ń sunkún.
Nikifor, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà ìlédìí,
ti wà ní kíláàsì kìíní,
ó sì bi í lójú gbogbo wọn pé:
"Kí lo ṣe tí wọ́n fi dá ẹ dúró?"
Leif ò ṣe nǹkan kan.
Ẹ̀wù tó tóbi náà ló ń fún un lọ́rùn.

Lọ́jọ́ tí a pe àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà,
Perpetua, ìyá àgbà Ligaya, wá tòun ti agbòòrùn.
Ó ní ní Filipínì, nígbà tóun wà lọ́mọdé,
ta ní ń béèrè ìwé ọjọ́ ìbí?
"Gbé ọwọ́ gba orí kọjá.
Bó bá kan etí òdìkejì, o tó iléèwé."
Ariwo sọ! Ọwọ́ mọ́kàndínlógún lókè.
Ti Leif kọjá etí, ó dé àgbọ̀n.
Ti Ligaya dúró lókè etí,
ó ku ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan.

Ó rò ó.
Ó wá rọra tẹ orí,
etí lọ pàdé ìka.

"Ó kàn án!"

Ìyá àgbà wojú mi. Mo wojú ìyá àgbà.
Okùn bàtà rẹ̀ kan ti tú.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo so ó.