Ohun Tó Ń La Ara Rẹ̀

Ní Pohang, létí òkun, ẹ̀rọ kan ń tẹ ohun tí kì í ṣe ìwé:
ìpele lórí ìpele, tín-ín-rín bí okùn aláǹtakùn.
Mi-ran kò sùn. Ó fi ẹ̀mú rì í sínú omi dídì,
ó sì ká bíi patanmọ́ tí ọmọdé fọwọ́ kàn.

"Kí lèyí?" ni ìyá àgbà Tae-oh bi í,
obìnrin tó ti ń rì sísàlẹ̀ òkun láti ogójì ọdún
láìgbé afẹ́fẹ́ dání, tó ń ṣa ìgbín òkun tà.
"Èmi ń sé èémí kí n lè jẹun.
Ọmọ-ọmọ mi ń sé tirẹ̀ lásán."

Ọmọ oṣù mẹ́ta. Ọ̀nà èémí rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná,
ó ń wó pọ̀ bó bá fẹ́ sunkún.
Ó ti kọ́ láti má sunkún.

Wọ́n fi í sí i lọ́rùn láàárọ̀.
Ooru ara ọmọ náà ló jí i:
ohun tó ká na apá,
ó gbé ọ̀nà náà ró, láìsí ọwọ́ ẹnìkan.
Patanmọ́ tiwa, bí a bá kàn án, a pa dé.
Èyí là.

Mi-ran ní yóò máa fẹ̀ bí ọmọ ti ń dàgbà,
lọ́dún kẹta yóò yọ́ dànù sínú ara.
"Àlejò tó mọ ìgbà tó yẹ kó lọ," ni ìyá àgbà wí.
Mi-ran kò rẹ́rìn-ín. Aago ló ń wò.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, igbe sọ ní yàrá kejìlá,
igbe ọmọ, ti ìbínú gidi.
Ìyá àgbà dìde, ó mí sóde pẹ̀lú súfèé gígùn,
bó ti máa ń ṣe
nígbà tí orí rẹ̀ bá yọ lójú omi.