Ta Ló Ń Gbọ̀n?

Bí mo bá ti kọjá Ẹnu-Gadà,
tí ọ̀nà gbórí sókè sí Ìtòkú,
tí mo tẹ tírótù kí Pìrìmẹ́rà mi lè gòkè,
ìdí àga á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n,
awò ojú mi á máa jó lórí imú.

Fọkanáísà kan ní Ìjẹmọ̀ ní táyà ni.
Ó kan òjé mẹ́rin mọ́ ọn. Mo sanwó. Ó ń gbọ̀n.
Ẹni tó ń tún wáyà ṣe ní pọ́lọ́ọ̀gì ni.
Mo sanwó. Ó ń gbọ̀n.
Mojísọlá pè láti Ìbàdàn:
“Bàbá, ṣé ó dá yín lójú pé ọkọ̀ ni?”

Mo dákẹ́.
Ó ti rí mi lọ́jọ́ Kérésì, lórí àga,
bí àtàǹpàkò mi ṣe ń ka owó tí kò sí lọ́wọ́ mi.
Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ya máàpù ilẹ̀ ní Òkè-Mosàn,
tí mo ń fa ààlà láàárín ẹbí méjì láìlo rúlà!
Lóṣù tó kọjá, báńkì Ìbarà dá ṣẹ́ẹ̀kì mi padà:
wọ́n ní ìbuwọ́lù yìí ti kéré jù.

Lẹ́yìn rélùwéè Láfẹ́nwá, Ọ̀gá Ṣówándé ò sí ní ṣọ́ọ̀bù.
Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni mo bá, Àbọ́sẹ̀dé,
gíríìsì dé e ní ìgbúnwọ́.
Kò gbé sípánà. Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Ó da píọ̀wọ́tà sínú ife ike, kò kún,
ó gbé e ka dáṣíbọ́ọ̀dù.
“Ẹ wakọ̀, Bàbá. Omi á sọ fún wa.”

Lórí ilẹ̀ títẹ́, omi sùn.
Ìgbà tó di òkè: “Ẹ tẹ̀ ẹ́.”
Omi ya òrùka, òrùka nínú òrùka.
“Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò.” Omi sùn.
“Ẹ tún tẹ̀ ẹ́.” Ó jí.
Ọmọ náà rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ẹsẹ̀ olè.
“Kì í ṣe táyà. Eré nìkan ni táyà mọ̀,
kò mọ̀ bóyá ẹ tẹ̀ ẹ́ àbí ẹ ò tẹ̀ ẹ́.
Èyí tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn ló ń ké,
ibi tí agbára ń gbà kọjá ni ká ti wá a.”

Ọkọ̀ ni! N kò mọ̀ pé ènìyàn lè yọ̀ báyìí
torí pé nǹkan rẹ̀ bàjẹ́.

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Rọ́bà jọ́ìntì inú ti ya,
gíríìsì ti fọ́n ká, yanrìn ti wọlé,
irin roboto mẹ́ta ti gbẹ́ kòtò síbi tí wọ́n ń yí sí,
bí àgbàrá ṣe ń jẹ ilẹ̀ lẹ́bàá òpó ààlà.
Mo jókòó sórí táyà àlòkù láti wò ó.
Ọwọ́ ọ̀tún mi sinmi lórí itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó rẹ̀.
Ó rí i. Kò mójú kúrò, kò sì kí mi pẹ̀lẹ́.
“Ti ọwọ́ yín ńkọ́?
Ṣé bí ẹ bá gbé nǹkan ló ń gbọ̀n, àbí bí ó bá sinmi?”

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí.
“Bí ó bá sinmi ni.”
“Ẹ rí i? Kò jọ tọkọ̀. N ò mọ tiyín tú.
Ẹ lọ sọ́sìbítù Ìdí-Abà.
Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ ìgbà tó ń gbọ̀n fún wọn,
kí ẹ tó sọ pé ó ń gbọ̀n.”

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, pẹ̀lú jọ́ìntì tuntun, mo gun Ìtòkú.
Mo gbàgbé láti yọ ife náà kúrò.
Mo tẹ̀ ẹ́ dé ìdí. Omi sùn fọnfọn.
Ní Sápọ́n, mo páàkì, mo pe Mojísọlá.
“Ọkọ̀ ni,” mo wí.
Inú rẹ̀ dùn, ó ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù.
Mo jẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i
kí n tó sọ ìyókù.