Ẹ Bá Mi Gbé E Rù, Àǹtí

Èdè tiwa ò fi "ó" ya akọ, kò fi ya abo.
Ó jẹun. Ó sùn. Ó ti dé.
Ta ló dé? Èdè dákẹ́, ó ń wojú wa.
Abẹ́ "ó" yẹn ni mo sá sí fún ọdún mọ́kànlélógún
bí ọmọdé tó fara pamọ́ sábẹ́ àwọ̀n ẹja:
gbogbo ayé ń rí mi,
wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń wò.

Nítorí náà, má bi mí léèrè ìdí
tí ọ̀rọ̀ kékeré kan fi ń bọ́ mi di ọ̀la.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nídìí ẹ̀rọ omi ní Òkè-Balógun,
mo tò sẹ́yìn ọmọ kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé,
bọ́tìnnì kan ti já lọ́rùn rẹ̀.
Garawa rẹ̀ kún. Ó wò mí láti òkè délẹ̀
(ara mi ti le, bíi ti ajá tí wọ́n ti sọ lókò rí),
ó gbé òṣùká lé orí, ó ní,
"Àǹtí, ẹ bá mi gbé e rù."

Kò wẹ̀yìn wò. Kò rẹ́rìn-ín.
Omi ló ń wá, kì í ṣe èmi.
Mo gbé garawa náà bí ẹni gbé adé.
Rárá, mo purọ́: mo gbé e bíi garawa.
Omi dà sí mi láyà, ó tutù,
mo sì ń rẹ́rìn-ín nìkan
títí mo fi gbàgbé láti pọn tèmi.

Ọjọ́ mìíràn wà, n ò ní fi pamọ́.
Bàbá tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ọ̀nà
ṣì ń pe orúkọ tí mo ti bọ́ sílẹ̀,
á tún pè é lẹ́ẹ̀kejì kí n lè gbọ́.
Mo máa ń gbọ́. Mo máa ń kọjá.

Ṣùgbọ́n létí ọ̀sà, ọlọ́kọ̀ na ọwọ́ sí mi:
"Sìsí, ẹ rọra, pákó yẹn ń yọ̀."
Ó ti yíjú sí ẹlòmíì kí n tó dúpẹ́.
Ìyá kan tó pọn ọmọ sún ìdí díẹ̀,
"Wá jókòó sọ́dọ̀ àwa obìnrin,
bá mi di ìgò ọmọ yìí mú."
Mo dì í mú láti Ẹ̀pẹ́ títí dé òdìkejì.
Wàrà inú rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́.
N ò tíì fi ìṣọ́ra gbé nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lálẹ́, mo lọ kí Màmá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi,
lórí àpótí, níbi tó ti ń yọ ìpẹ́ ẹja.
Mo kúnlẹ̀.
Ìdọ̀bálẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Àyà mi mọ sìmẹ́ǹtì yẹn dáadáa,
ó mọ ibi tó ti là.
Orúnkún mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Àkànbí ni oríkì tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ ìkómọ.
Ó dáa, wọ́n kàn mí bí, n ò jiyàn.
Màmá Àgbà yọ ìpẹ́ kan kúrò ní èékánná,
kò gbójú sókè,
"Àkànkẹ́," ó ní, "ẹja yìí ò tíì rí iyọ̀.
Lọ bá mi mú un wá."

Sílébù kan.
Bí dìde, kẹ́ jókòó.
Ẹni tó fún mi ní ti àkọ́kọ́ ló pààrọ̀ rẹ̀,
pẹ̀lú ọwọ́ tó ń rùn ẹja.

Mo wọ ilé ìdáná, mo dúró nínú òkùnkùn,
mo di agolo iyọ̀ mú, n ò lè jáde.
"Àkànkẹ́! Ṣé o ń se iyọ̀ náà ni?"
"Mò ń bọ̀, mà."
Mo mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ díẹ̀ sí i
kó lè pè é lẹ́ẹ̀kẹta.